Bí ìdánwò ni a fi ń gbani sí iṣẹ́ ìjọba, kí ni ìwúlò mímọ ènìyàn fún akẹ́kọ̀ọ́?

Ọmọ Ìwé béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso ìlú ni mí, ó sì ku ọdún kan kí n gba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ ìjọba ni ó wù mí, pàápàá ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ètò ìlera. Kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé wa tí ó ṣe iṣẹ́ ìjọba rí, nítorí náà n kò mọ ẹni tí mo lè sáré lọ bá.

Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ méjì tí ó ta ko ara wọn ni mo ń gbọ́. Àwọn olùkọ́ wa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, pé ẹni tí kò bá mọ ẹnikẹ́ni yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìkéde iṣẹ́ tí mo kà ni ó sọ pé ìdánwò àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni a ó fi yan ènìyàn, láìṣe ojúṣàájú. Bí ó bá jẹ́ ìdánwò ni lóòótọ́, kí ni mo fẹ́ fi ènìyàn tí mo mọ̀ ṣe? Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí mo mọ̀ ni yóò mú mi wọlé, ṣé kì í ṣe ojúṣàájú náà nìyẹn?

Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá kan lórí LinkedIn, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ fi ń mọ ara wọn. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì ń wá iṣẹ́ ìjọba. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè ràn mí lọ́wọ́." Kò sí èyí tí ó dáhùn nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ: kí ni ó yẹ kí n máa wá lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ta sì ni ó yẹ kí n kọ̀wé sí?

Akọ̀wé Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ Ìwé, ìbéèrè gidi ni o béèrè yìí, ọ̀pọ̀ kì í sì í béèrè rẹ̀ títí wọn yóò fi rí ìwé pé a kò mú wọn. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo jókòó pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ tí ń yan òṣìṣẹ́, n ó sì sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí láti ìdí tábìlì tiwa.

Ìdánwò kò ṣàdédé wọ inú iṣẹ́ ìjọba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ní alágbàwí lókè ni ó ń rí ipò, títí Stafford Northcote àti Charles Trevelyan fi gbé ìròyìn wọn jáde ní 1854 pé kí a máa fi ìdánwò tí olúkúlùkù lè jókòó fún yan òṣìṣẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n dá àjọ tí yóò bójú tó o sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà mú ẹ̀jẹ̀ dání. Ní 1881, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Charles Guiteau, tí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n fi òun ṣe aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè, yìnbọn lu Ààrẹ James Garfield nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ ipò náà. Ààrẹ náà kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ní 1883 sì ni òfin Pendleton jáde, èyí tí ó sọ pé ìdánwò ni a ó fi máa gbani sí apá kan nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Apá náà sì ń gbòòrò sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Títí di òní, nínú àwọn iṣẹ́ tí à ń díje fún ní orílẹ̀-èdè yẹn, òfin kò gbà kí ẹni tí ń yan òṣìṣẹ́ ka ìwé ìgbẹnusọ tí sẹ́nétọ̀ tàbí aṣòfin kọ sí ohunkóhun, àyàfi bí ó bá dá lórí ìwà olùbéèrè iṣẹ́ náà tàbí ibi tí ó ń gbé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ fún ọ pé òun mọ ẹni tí yóò fi orúkọ rẹ sínú ìwé, yálà irọ́ ni ó ń pa tàbí ó fẹ́ kó ọ sí ìyọnu. Sá fún un.

Kí wá ni ẹni tí o mọ̀ lè ṣe fún ọ? Ó lè sọ ohun tí à ń wá fún ọ. Nígbà tí a bá jókòó, ìwé máàkì ni ó wà níwájú wa, a sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí a ó fún ní máàkì nínú ohun tí o kọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa yọ orúkọ olùbéèrè kúrò nínú fọ́ọ̀mù kí àwọn tí ń máàkì tó rí i, wọ́n a sì máa sọ pé kí ó fi ọ̀rọ̀ tí kò ju 250 lọ ṣàlàyé ìgbà kan pàtó tí ó ṣe irú nǹkan tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a kọ ọ́ báyìí: "A ṣètò ìpàdé, a kó owó jọ, a sì ṣe àṣeyọrí." Ta ni "a"? N kò lè fún "a" ní máàkì. Ẹni tí ó ti bá òṣìṣẹ́ kan jókòó sọ̀rọ̀ rí yóò kọ pé: "Nígbà tí owó kò tó, èmi ni mo ṣe ìṣirò tuntun, mo fi han alága, a sì gé ọjọ́ ìpàdé kù sí ọ̀kan." Àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọmọ kíláàsì kan náà, kí ọgbọ́n orí wọn sì dọ́gba. Ọ̀kan gbọ́ bí a ṣe ń kà á ni, èkejì kò gbọ́. Kò sí ojúṣàájú níbẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀kan gbọ́ yẹn kì í ṣe àṣírí. Ìkéde kàn kì í sábà là á sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni.

Òṣìṣẹ́ Tuntun dáhùn pé:

Ẹ ṣeun, bàbá. Ibi tí ẹ bá a dé ni n ó ti gbà á, nítorí ọdún díẹ̀ ṣẹ́yìn ni èmi náà wọlé.

Àbúrò mi, ẹni tí ò ń kọ̀wé sí ni kí o kọ́kọ́ yí padà. Ọ̀gá àgbà kò rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ tuntun mọ́. Fọ́ọ̀mù tí òun kọ nígbà tirẹ̀ ti di nǹkan ìtàn. Àwọn tí ó wọlé ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ni kí o wá, àwọn tí ìdánwò náà kò tíì tán lára wọn. Láti yunifásítì rẹ ni yóò ti rọrùn jù, nítorí LinkedIn fúnra rẹ̀ a máa to àwọn tí ó jáde nílé ìwé kan jọ pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Má sì jẹ́ kí ó dùn ọ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ẹbí yín. Ní 1973, Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníṣẹ́ ìwé tí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun láti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀, nǹkan bí ìdá 17 nínú 100 péré ni ó ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́. Ìdá 56 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 28 kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ tímọ́tímọ́ mọ̀, ìwọ náà ti mọ̀ ọ́n. Ní 2022, àwọn olùwádìí mìíràn lo àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ju mílíọ̀nù 20 lọ lórí LinkedIn, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ẹ kàn mọ ara yín níwọ̀nba ló ń ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe ẹni tí ẹ jìnnà pátápátá sí ara yín. Lójú tèmi, ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ ìjọba ni pé ìròyìn ni kí o máa retí láti ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, má retí agbára lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwé tí o kọ náà kò dára tó. Ẹni tí ó bá kà á yóò máa bi ara rẹ̀ pé irú ìrànlọ́wọ́ wo, nígbà tí kò bá sì rí ìdáhùn, yóò pa á tì. Ó tún lè bẹ̀rù pé iṣẹ́ ni o fẹ́ kí òun fún ọ, bẹ́ẹ̀ kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò fún ẹnikẹ́ni. Gbìyànjú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso ìlú ni mí, ní yunifásítì tí ẹ̀yin náà ti jáde. Mo rí i pé ẹ̀ka ètò ìlera ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé lé ọmọ tuntun lọ́wọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, àti ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kí ènìyàn ti kọ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ṣé a lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tí ń bọ̀? Bí ààyè kò bá gbà yín, ìdáhùn kékeré tó fún mi. N kò wá iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Mo ti gba ìwé méjèèjì rí, irú tìrẹ àti irú èyí, mo sì mọ èyí tí mo dáhùn.

Bí ó bá wá gbà láti sọ̀rọ̀, má fi àkókò rẹ̀ béèrè ohun tí o lè kà fúnra rẹ. Owó oṣù wà nínú àtẹ tí ìjọba ń tẹ̀ jáde, ipele tí ìwé ẹ̀rí rẹ lè gbé ọ dé náà sì wà nínú ìwé ìjọba: ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi GS pe ipele òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìwé ẹ̀rí yunifásítì àkọ́kọ́ lè mú ọ dé ipele GS-5, máàkì tí ó ga lè mú ọ dé GS-7, ìwé ẹ̀rí kejì sì lè mú ọ dé GS-9. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni kí o béèrè. Kí ni ẹ ṣe lánàá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ìwé wo ni ẹ kọ kẹ́yìn, ojú ewé mélòó ni, ta ni ó kà á? Inú ìdáhùn yẹn ni ìwọ yóò ti gbọ́ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa ni láti sọ ìròyìn tí ó kún ọgọ́rùn-ún ojú ewé di ojú ewé kan tí mínísítà lè kà nínú ọkọ̀. Bí o bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, ìwọ náà yóò mọ ohun tí ó yẹ kí o máa fi dánra wò kí o tó jáde nílé ìwé. Ní ìparí, béèrè ẹnì kan mìíràn tí ó yẹ kí o bá sọ̀rọ̀. Dúpẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì kọ̀wé sí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀ láti sọ ohun tí o fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó ń ṣe èyí kò pọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí a fi ń rántí wọn.

Olùdámọ̀ràn dáhùn pé:

Mo fara mọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n mo ní àtakò kan àti ìkìlọ̀ kan. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nípa iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe.

Àtakò mi ni pé ẹ gbé LinkedIn ga jù. Àìmọye òṣìṣẹ́ ìjọba ni kò sí níbẹ̀, tàbí tí wọ́n wà níbẹ̀ láìsọ ohunkóhun, nítorí òfin iṣẹ́ wọn kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ní gbangba. Inú ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ ni orúkọ wọn wà. Nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ ṣe òfin tuntun, ó sábà máa ń gbé àbá jáde, kí ó sì pe àwọn ará ìlú láti sọ èrò wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí òfin ìlànà iṣẹ́ ìjọba ti 1946 ti jáde ni èyí ti di dandan fún ọ̀pọ̀ òfin tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ń ṣe, àwọn àbá tí wọ́n ń tẹ̀ sínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀, sì máa ń ní abala kan tí ó sọ orúkọ òṣìṣẹ́ tí ènìyàn lè pè fún àlàyé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà dénú ni, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka àbá lórí ètò ìlera láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó kọ èrò tí ó ní àròjinlẹ̀ ránṣẹ́, tí ó sì béèrè ìbéèrè kan tí ó mọ́lẹ̀ lórí abala kan pàtó, ti fi ara rẹ̀ hàn lọ́nà tí ìwé "ẹ ràn mí lọ́wọ́" kò lè gbà fi í hàn láéláé. Bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ lọ́la, ó ti ní iṣẹ́ gidi kan tí ó lè sọ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìkìlọ̀ mi dá lórí àkókò. Kí ìkéde tó jáde ni kí ẹ máa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti jáde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìkéde náà ni kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ béèrè, nítorí ìdí tí wọ́n fi kọ orúkọ náà síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má ṣe wá ọmọ ìgbìmọ̀ kiri. Ẹni tí ó bá mọ olùbéèrè kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn yòókù, ó sì lè di dandan kí ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà; ẹ ó kàn sọ ẹni tí ì bá mọ iṣẹ́ yín rí nù ni.

Mo tún fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò pé kò dọ́gba. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba ti gbọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ ohun tí Ọmọ Ìwé ń fi ìwé wá kiri. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń rán àwọn tí kò ní irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà ní tààrà. American Society for Public Administration, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939, ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. ICMA, ẹgbẹ́ àwọn alábòójútó ìlú tí ó ti wà láti 1914, ní ẹ̀ka akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn yunifásítì kan. Ẹ wádìí èyí tí ó wà ní orílẹ̀-èdè tiyín. Bí ẹ bá sì dé ìpàdé wọn, ẹ gba iṣẹ́ kékeré kan ṣe, irú bíi kíkọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ẹni tí ń kọ àkọsílẹ̀ ní ìdí tí ó fi lè tọ olúkúlùkù lọ lẹ́yìn ìpàdé láti béèrè ohun tí ó ní lọ́kàn gan-an.

Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Òru dáhùn pé:

Ọ̀rẹ́ mi, òkè nìkan ni gbogbo wọn ń ní kí o máa wò. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ náà. Àwọn tí ẹ jọ fẹ́ jókòó fún ìdánwò ni yóò jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ rẹ fún ọgbọ̀n ọdún.

Wo ìdánwò iṣẹ́ ìjọba ti Íńdíà, tí UPSC, àjọ tí ń yan òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, ń ṣe: ìpele àkọ́kọ́ kàn ń sẹ́ ènìyàn kúrò ni, máàkì rẹ̀ kò wọ inú ìṣirò ìkẹyìn. Nínú àpapọ̀ máàkì 2025 tí wọ́n fi ń to orúkọ àwọn tí ó yege, 1750 jẹ́ ti ìwé kíkọ, 275 jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò sí ọ̀gá tí yóò máa ka àròkọ rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ìwé, ẹ máàkì ara yín láìṣojú àánú, ẹ sì máa bi ara yín ní ìbéèrè bí ìgbìmọ̀. Ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ orí WhatsApp tí ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Àhesọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí ń ta "ìbéèrè tí ó ti jáde síta".

Ọmọ Ìwé dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ àbá òfin tí Olùdámọ̀ràn sọ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ìkéde máa ń béèrè orúkọ àwọn tí yóò jẹ́rìí nípa ẹni. Ṣé mo lè kọ orúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo bá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú?

Akọ̀wé Àgbà dáhùn pé:

Rárá o. Ẹni tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o kọ: olùkọ́ tí ó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ, tàbí ọ̀gá níbi tí o ti lọ kọ́ṣẹ́. Gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí i kí ó lè mọ ohun tí yóò sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba, ìwádìí yóò jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù SF-86 ti Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè ènìyàn mẹ́ta tí ó mọ̀ ọ́ dáadáa, tí kì í ṣe ẹbí rẹ, tí ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ pa pọ̀ sì kárí ọdún méje ó kéré tán. Ó tún ń béèrè gbogbo ibi tí o ti gbé fún ọdún mẹ́wàá. Láti ìsinsìnyí ni kí o ti máa kọ àdírẹ́sì àwọn ilé tí o gbé, ọjọ́ tí o kó wọlé àti ọjọ́ tí o kó jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn tí ẹ jọ gbé, nítorí àwọn ọmọ yàrá kan náà a máa fọ́n káàkiri lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, nọ́ńbà wọn a sì yí padà.